24-70 àbí 70-200: lẹ́ǹsì wo ni kí ẹ rà fún ìjà kickboxing?

Mo ti ní lẹ́ǹsì méjèèjì rí. Mílímítà ni àwọn nọ́ńbà yẹn: èyí tó kéré ń gba ibi tó fẹ̀, èyí tó pọ̀ ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́. Mo ta àkọ́kọ́ láti fi ra èkejì, mo tún wá ta èkejì láti fi ra àkọ́kọ́ padà, owó tó sì bọ́ lọ́wọ́ mi láàárín ìyẹn kò kéré. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń gbèrò láti máa ya ìjà kickboxing létí ríǹgì. Mi ò ní fi bí fọ́tò wọn ṣe mọ́ tó dá yín dúró. f/2.8 ni àwọn méjèèjì tí mò ń sọ (bí lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀ tó nìyẹn; bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ á ṣe pọ̀ tó), ẹrù gidi sì ni wọ́n.

Ààyè ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ríǹgì sábà máa ń tó mítà 5 sí 7. Ẹ̀yin dúró létí rẹ̀, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti kánfáàsì, lẹ́ǹsì yín wà láàárín okùn ìsàlẹ̀ àti èyí tó wà lókè rẹ̀. Tí àwọn tó ń jà bá wà lọ́hùn-ún, bíi mítà 6 sí yín, 70 yóò gba ohun tó fẹ̀ tó mítà 3. Ẹni méjì á wọlé dáadáa, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró lọ́hùn-ún. Wọn á ti ara wọn títí wọn á fi dé orí okùn tó wà níwájú yín gan-an, mítà kan ààbọ̀ péré. Níbẹ̀, 70 kò lè gbà ju sẹ̀ǹtímítà 77 lọ ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ géńdé kan tó nà tán kò sì lè wọ inú ìyẹn. Níbẹ̀ kan náà, 24 yóò gba mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 25. Tí ẹ bá gbé kámẹ́rà ní òòró, ọkùnrin gíga á wọlé tòun ti ẹsẹ̀ tó gbé sókè. Kámẹ́rà full frame, èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35mm, ni mo fi ṣe ìṣirò yìí o.

Tó bá jẹ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò lẹ fẹ́ yà, ẹ ṣì lè gbà á bẹ́ẹ̀, torí òkè ìbàdí ni iṣẹ́ tiwọn wà. Ti kickboxing kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpá, ìyẹn ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá ara wọn, lèèyàn wá wò, ìpá sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ kó tó dé etí ẹni tí wọ́n ta á fún. Fọ́tò tí kò bá ní ẹsẹ̀ tó dúró, ẹsẹ̀ tó gbéra àti orí tó gbà á, kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èkó ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nínú gbọ̀ngàn kan tí ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wa. Kóòṣì ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà ti bá mi ṣàdéhùn fọ́tò ọmọ rẹ̀, ó sì ti san ìdajì owó. 70-200 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni mo gbé lọ. Ní ráúndì kejì, ọmọ náà ti ẹnìkejì rẹ̀ dé orí okùn tó wà lókè orí mi. Mo rí i tí gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ yí lórí kánfáàsì, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ń bọ̀, mo sì tẹ kámẹ́rà. Lẹ́ǹsì náà ń lọ, ó ń bọ̀, kò rí ibi mú, torí èyí tí mo rà yẹn kì í mú ohun tó bá sún mọ́ ọn ju mítà 1.4 lọ. Ìpá náà ba ẹni yẹn létí, ó sì wó bí igi. Fọ́tò 11 ni mo rí ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn: itan, etí ṣòkòtò pupa, òógùn tó ń fọ́n ká lábẹ́ iná, okùn ràgàjì tó dí iwájú. Kóòṣì wò wọ́n lójú kámẹ́rà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, orí ẹni tó gbá dà?” Mi ò rí èsì fọ̀. Kò san ìdajì tó kù, mi ò sì béèrè.

24-70 tí mo ti tà ṣáájú ọjọ́ yẹn máa ń mú ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 38 síwájú rẹ̀.

Àwọn nǹkan yòókù kò pọ̀. 70-200 lè wúwo tó kílò kan ààbọ̀, tí ẹ bá sì fi hood, ìbòrí tó ń ṣíji bo ojú rẹ̀, sí i, á yọ wọnú ríǹgì débi tí okùn á máa gbá a padà sí yín níwájú orí. Ẹ má gbọ́kàn lé pípààrọ̀ lẹ́ǹsì: ráúndì 3 oníṣẹ́jú 3 ni ìjà K-1, oríṣi kickboxing kan, ó sì lè parí kí ẹ tó ṣí ìdérí. 85mm f/1.8 dára fún ojú nìkan. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ APS-C, èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ kéré sí ti full frame, kó mọ̀ pé 24 á rí bíi 36 lọ́wọ́ òun, 17-50 f/2.8 ló yẹ kó wá, tàbí Sigma 18-35 f/1.8. Tí iná LED bá ń fi ilà dúdú sórí fọ́tò yín, shutter, ohun tó ń ṣí tó sì ń tì nínú kámẹ́rà, ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe lẹ́ǹsì: ẹ kúrò lórí ti electronic, ẹ lo ti mechanical.

Ẹ sá fún 70-300 olówó pọ́ọ́kú. f/5.6 ni á já sí tí ẹ bá sún un jìnnà, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé níbẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti f/2.8 lọ. Ìjà tí ISO 3200 (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó) tó fún ní 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá á wá di ISO 12,800, fọ́tò á sì máa ṣe hóró-hóró.

70-200 ní ọjọ́ tirẹ̀, mi ò ní fi dù ú. Tí wọn ò bá fún yín láyè létí ríǹgì, tó jẹ́ pé láàárín àwọn òǹwòran lẹ jókòó, òun ni kí ẹ gbé. Ojú ẹni tí wọ́n ń fi yìnyín tẹ̀ lára ní igun láàárín ráúndì, kò sí ohun tó mú un bíi tirẹ̀. Ẹni tó ní kámẹ́rà méjì, kó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ tó ẹyọ kan, tó sì mọ̀ pé etí ríǹgì lòun máa dúró, kó ra 24-70. Tòkunbọ̀ ni tèmi báyìí, ara rẹ̀ ti họ, òun ni mo sì ń gbé lọ. 70-200 ni mo máa ń háyà tí wọ́n bá fi mí sórí àga.

Kí ẹ tó san owó fún èyíkéyìí, ẹ yá a fún ìrọ̀lẹ́ kan, ẹ gbé e lọ sí jíìmù tó ní ríǹgì. Ẹ dúró létí okùn, kí ẹnì kan ta ìpá sókè níwájú yín, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé.