Owó CDBG ilẹ̀ Amẹ́ríkà: pínpín rẹ̀ dára, òṣùwọ̀n rẹ̀ ló ti gbó

Nínú owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fún àwọn ìlú, CDBG (Community Development Block Grant, owó ìdàgbàsókè àdúgbò) wà lára àwọn tí ìlú kì í tìtorí rẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Òfin tí Ààrẹ Gerald Ford buwọ́ lù lọ́dún 1974 ló dá a sílẹ̀. HUD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilégbèé àti ìdàgbàsókè ìlú, ló ń pín in. Ìṣirò ló ń sọ iye tó kan kálukú, kò sí ìdíje, kò sì sí mo-mọ-ẹnì-kan níbẹ̀. Ìyẹn yẹ fún ìyìn. Ohun tí wọ́n ń kà mọ́ ìṣirò náà ló lẹ́jọ́ nínú.

Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ń lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ìlú tó jẹ́ olú agbègbè wọn, àwọn ìlú mìíràn tí èèyàn ibẹ̀ tó 50,000, àti àwọn káúntì (ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀) tí èèyàn wọn tó 200,000 lẹ́yìn tí a bá yọ ìlú tó ń gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdá 30 tó kù ń bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀, fún àwọn ìlú kéékèèké.

Fọ́múlà méjì ni HUD ń lò. Fọ́múlà A ń fún iye tálákà ní 50%, iye èèyàn ní 25%, àti ilé tí èèyàn inú rẹ̀ ju iye yàrá rẹ̀ lọ ní 25%. Fọ́múlà B, tó dé lọ́dún 1977, ń fún ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1940 ní 50%, tálákà ní 30%, àti bí ìdàgbà iye èèyàn ìlú ṣe rẹ̀yìn sí ti àwọn ìlú yòókù láti ọdún 1960 ní 20%. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni ìlú máa gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní ìlú kan ní 1% èèyàn gbogbo agbègbè ìlú ńlá, 2% tálákà wọn, 1% ilé tó kún jù, àti 3% ilé àtijọ́, tí iye èèyàn rẹ̀ kò sì rẹ̀yìn rárá. Fọ́múlà A á fún un ní 1.5%. Fọ́múlà B á fún un ní 2.1%, òun ló sì máa mú. Nígbà tí kálukú bá ti mú èyí tó pọ̀ jù, àpapọ̀ á ju owó tó wà nílẹ̀ lọ, HUD á wá gé ti gbogbo wọn kù ní ìwọ̀n kan náà.

Ẹ wo ohun tó gbé ìlú náà dé 2.1%: ilé àtijọ́ ló kó 1.5 níbẹ̀, tálákà kó 0.6 péré. Ibi tí òṣùwọ̀n ti gbó gan-an nìyí. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, àdúgbò tí ilé ibẹ̀ ti gbó sábà máa ń jẹ́ àdúgbò tálákà. Lónìí, ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe ló ń wọ́n jù ní ìlú púpọ̀. Newton ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ìlú olówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boston, ṣì ń gba CDBG. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà fásitì wọn náà ń wọ inú iye tálákà, bí òbí wọn bá tilẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́. Ká má parọ́ mọ́ ọn ṣá, B ṣiṣẹ́ fún irú ìlú bíi Detroit, tí èèyàn rẹ̀ lé ní 1,670,000 lọ́dún 1960, tó wá di 639,111 lọ́dún 2020.

Níná owó náà ló ń dá ìlú láàmú jù. Ó kéré tán, 70% rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò ju 80% iye tó ń wọlé fún ìdílé tó bọ́ sí àárín ní agbègbè wọn lọ láǹfààní. Ètò ìrànwọ́ bíi ìtọ́jú ọmọdé kò gbọ́dọ̀ ju 15% lọ. Ìṣàkóso àti ìwéwèé, 20%. Ní ọgọ́ta ọjọ́ kí ọdún ètò tó parí, owó tí ìlú kò tíì fà jáde kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 1.5 owó ọdún kan lọ. Ìlú tó ń gba mílíọ̀nù 2 dọ́là, tí mílíọ̀nù 3.2 sì ṣì wà nílẹ̀, ti kọjá ààlà, HUD sì lè dín tọdún tó ń bọ̀ kù. Ohun tó sábà ń fà á ni pé wọ́n dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì délẹ̀. Tí wọ́n bá sì kánjú ra ilẹ̀ náà kí àyẹ̀wò àyíká tó parí, owó CDBG kò ṣeé lò fún un mọ́. Àwọn agbaṣẹ́ṣe náà ní tiwọn: iṣẹ́ ìkọ́lé tó bá ju 2,000 dọ́là lọ, owó iṣẹ́ tí ìjọba là kalẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ san, àyàfi ilégbèé tí kò tó ti ìdílé mẹ́jọ.

Ètò iṣẹ́ ọdọọdún gbọ́dọ̀ wà níwájú aráàlú fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó lọ sí HUD. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn títí di 16 oṣù Kẹjọ, owó ọdún yẹn ti lọ nìyẹn.

Lọ́dún 2001, owó náà lé ní bílíọ̀nù 4 dọ́là. Lọ́dún 2024, bílíọ̀nù 3.3 ni, àwọn ìlú, káúntì àti ìpínlẹ̀ tó ń gbà á sì lé ní 1,200. Ìlú tí ìpín rẹ̀ kéré lè bá káúntì tí ìlú náà wà tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n jọ máa ná an. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ kan náà ló sì máa ṣe ìwé àwọn méjèèjì.