Ìbọn ẹlẹ́nu méjì àkọ́kọ́ yín ní Britain: oníbejì ni kí ẹ rà, àbí tòkètilẹ̀?

Lọ́dún yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn, ilẹ̀ England ni wọ́n ń gbé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìbọn lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ara sì ti ń yá wọn láti náwó. "Bùọ̀dá, èwo ni kí n rà?" Mo ti ní irú méjèèjì rí. Ọ̀kan gba owó lọ́wọ́ mi, ó gba sùúrù lọ́wọ́ mi, ó sì ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún odidi oṣù mẹ́jọ. Èkejì ló wà nínú àpótí irin nílé mi lónìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó bá kàn lè rí i kà.

Eré àwo amọ̀ ni mò ń sọ o. Ẹ̀rọ á ju àwo pẹlẹbẹ kan sókè, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 110 lọ, ẹ ó sì fọ́ ọ kó tó balẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìbọn tí yóò fi ṣọ́ ilé, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, nítorí ọlọ́pàá ilẹ̀ yìí kì í ka ìyẹn sí ìdí tí èèyàn fi lè ní ìbọn.

Oníbejì ni mo ń pe èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní side-by-side: ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì sùn ti ara wọn bí ìbejì lórí ẹní kan. Tòkètilẹ̀ ni over-and-under: ọ̀pá kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Kò sí ọmọdé nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ tó wà nínú ọ̀pọ̀ oníbejì ni Anson àti Deeley ṣe ní Birmingham lọ́dún 1875, ó sì ń ṣiṣẹ́ geerege títí dòní. Tòkètilẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ni John Browning fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní Belgium lọ́dún 1926, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 1931. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀rọ ọ̀kan ń bàjẹ́ ju tèkejì lọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló dà mí.

Ìfẹ́ ló mú mi ra oníbejì. Ọdẹ ni bàbá mi ní Ìgbòho. Orí ògiri yàrá ni ṣakabùlà wọn máa ń wà, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo wá rí ìbọn kan lórí tábìlì oníṣòwò kan níbí, tí wọ́n fín òdòdó wínníwínní sára irin rẹ̀, tí wọ́n kọ Birmingham sí i, ọkàn mi fò. Birmingham, ìlú tó rọ ọ̀kẹ́ àìmọye ìbọn tí ọkọ̀ òkun kó wá sí etíkun wa láyé òwò ẹrú! Ọ̀rọ̀ pọ̀ tí mo lè bá ìlú yẹn sọ, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ẹwà ìbọn yẹn nìkan ni mo rí. Mo san £600. Oníṣòwò náà wo ìwé àṣẹ mi, ó kọ ìbọn náà sí i, ó wá ní kò sí ìdí ìbọn (igi ẹ̀yìn tí a ń gbé sí èjìká) tí èjìká kì í mọ̀ tó bá yá. Gbólóhùn yẹn ló ná mi lówó jù nínú gbogbo ohun tí mo rà lọ́jọ́ náà.

Ìdí ìbọn àti ara yín

Bí aṣọ tí télọ̀ rán ni ìdí ìbọn rí. Ara ẹnìkan ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó gé e. Ó yẹ kí n ti mọ̀, nítorí gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wa ló gbẹ́ ìdí ṣakabùlà bàbá mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì dá a padà fún un kó tó bá wọn lára mu. Èmi wá gba ìbọn tí wọ́n gé fún ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀, tó ti lè kú ṣáájú kí wọ́n tó bí mi.

Ẹ wo ìbọn dáadáa láti òkè. Ìdí rẹ̀ kì í sábà lọ gbọọrọ. Ó máa ń yà díẹ̀ sí ọ̀tún fún ẹni tó ń fi èjìká ọ̀tún yìn ín, sí òsì fún ẹni tó ń lo òsì. Ohun tó fà á ni pé ìbọn yìí kò ní ohun ìfojúsùn lẹ́yìn bíi ti ráífù. Ẹyinjú yín gan-an ni ohun ìfojúsùn náà. Láti ojú yín dé ẹnu ìbọn máa ń súnmọ́ yáàdì kan. Bí ojú bá fi ínṣì kan péré kúrò níbi tó yẹ kó wà, ọta á fi nǹkan bí ínṣì 40 tàsé ní yáàdì 40. Ẹ kò ní mọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ ó kàn máa yìnbọn, àwo á máa lọ ní tirẹ̀.

Wàhálà tèmi tún lé kan. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Ẹ sì mọ bó ṣe rí nílé wa: a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fi jẹun. Orógùn ni ìyá mi fi ń gba ìka mi títí mo fi di ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, ọ̀tún ni mo fi ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi orógùn na ojú. Ojú òsì mi ṣì ni ọ̀gá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n yí lọ́wọ́ padà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn.

Ẹ dán tiyín wò báyìí kí ẹ tó kà síwájú. Ẹ la ojú méjèèjì, ẹ na ìka ìfábẹ̀lá sí ohun kan lọ́ọ̀ọ́kán, bóyá bọ́tìnnì iná ara ògiri. Ẹ di ojú òsì. Bí ìka bá fò kúrò lára bọ́tìnnì náà, ojú òsì ni ọ̀gá yín. Bí kò bá fò, ọ̀tún ni.

Mi ò mọ ìyẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi èjìká ọ̀tún yìnbọn, tí gbogbo ọta mi ń gba òsì àwo kọjá. Olùkọ́ kan ní pápá ló dúró sẹ́yìn mi, tó wò mí fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, tó wá fi sẹ́lótéèpù bíńtín bo apá òsì gíláàsì ojú mi. Àwo tó tẹ̀ lé e fọ́ yángá. Ó ní nǹkan méjì ló kù fún mi: kí n máa bo ojú kan títí ayé, tàbí kí n gbé ìbọn lọ sí èjìká òsì. Mo gbé e lọ sí òsì, ara mi sì rántí ohun tí orógùn ti lé lọ.

Ìbọn yẹn ló kọ̀. Ọ̀tún ni ìdí rẹ̀ yà sí. Ó kúrú fún apá mi, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sùn lé sì lọ sílẹ̀ jù, débi pé bí mo bá gbórí lé e dáadáa, ẹ̀yìn irin ni mò ń rí. Mo wá ń gbé orí sókè díẹ̀ kí n lè rí àwo. Bí ìbọn bá ti dún, ìdí rẹ̀ á gbá egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Lẹ́yìn ìgbà tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ bíi mélòó kan, ara bẹ̀rẹ̀ sí í já kó tó dún rárá: ojú á dì, ọwọ́ á gbọ̀n, ìbọn á sì ṣí kúrò lójú ọ̀nà. Ó rọrùn láti kó àṣà yẹn, àmọ́ kò rọrùn láti fi sílẹ̀.

Mo gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ó fi ooru rọ igi náà ní ọrùn, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì, ó gba £160. Ó fi rọ́bà kún ìdí rẹ̀ kó lè gùn, ó gba £70. Nígbà tí òtútù ọdún yẹn fi tán, igi ti rọra ń padà síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ náà ti kìlọ̀ fún mi pé ó lè ṣe. Mo tà á ní £350. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Tòkètilẹ̀ tí mo rà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ Beretta Silver Pigeon àlòkù, tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ gé ìdí rẹ̀ fún ọlọ́wọ́ òsì. £1,100 ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fọ́ 31 nínú àwo 50. Oníbejì kò jẹ́ kí n fọ́ ju 20 lọ rí.

Kì í ṣe pé ẹ kò lè rí oníbejì ọlọ́wọ́ òsì. Ó wà, àmọ́ ẹni tí wọ́n rán an fún ló sábà máa ń ni ín, owó tí wọ́n ń dá lé e sì ń bani lẹ́rù. Ní ti tòkètilẹ̀, ilé iṣẹ́ Beretta àti ti Browning ń ṣe tọlọ́wọ́ òsì jáde tó pọ̀ díẹ̀, ẹ sì lè rí èyí tí ibi ìgbẹ́rẹ̀kẹ́lé rẹ̀ ṣeé gbé sókè sódò pẹ̀lú irinṣẹ́ kékeré kan. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló tún wà lójú yín bí ẹ bá ń wo àwo, nígbà tí fífẹ̀ oníbejì máa ń da ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú.

Àwọn yòókù, ní kúkúrú

Ìwọ̀n: oníbejì fúyẹ́, kílò 3 tàbí kó dín díẹ̀, tòkètilẹ̀ máa ń tó kílò 3.5. Bí ẹ bá fẹ́ máa rìn nínú oko látàárọ̀, oníbejì ló borí. Bí ẹ bá fẹ́ yin àwo 100 lójú kan, wíwúwo ìbọn á gba èjìká yín lọ́wọ́ bó ṣe ń gbá a tó bá dún.

Tírígà: méjì ló sábà máa ń wà lára oníbejì àtijọ́, ọ̀kan fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ nígbà òtútù á mọ ohun tí mò ń sọ.

Kàtírìjì: ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin lábẹ́ ọ̀pá kí ẹ tó ra ohunkóhun. Gígùn ihò tí kàtírìjì ń wọ̀ nínú oníbejì tèmi jẹ́ 65 mm, 70 mm sì ni ọ̀pọ̀ kàtírìjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. A kò gbọdọ̀ ki 70 sínú 65. Mo ti ra 250 kí n tó kà á, mo sì kó gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ wo àmì Proof House pẹ̀lú, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń dán agbára ìbọn wò, bóyá ti London tàbí ti Birmingham tó ti wà láti 1813. Ìbọn tí wọ́n fi ètù dúdú nìkan dán wò, kì í ṣe fún kàtírìjì òde òní. Ìbọn tí àmì rẹ̀ kò bófin mu mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Òjé: ìjọba kéde ní 2025 pé àwọn máa fòfin de ọta òjé, wọ́n sì fún gbogbo èèyàn ní ọdún 3 láti yí padà. Ọta irin le ju òjé lọ. Oníbejì àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ fún pinpin kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ẹnu tòkètilẹ̀ òde òní ṣeé tú, ẹ sì lè de èyí tó gbòòrò sí i. Bí mo bá ń rà lónìí, ọ̀rọ̀ yìí á wúwo lọ́kàn mi.

Owó: oníbejì àlòkù dínwó púpọ̀. Títà rẹ̀ ló nira.

Ẹwà: oníbejì. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ ńkọ́? Ẹ béèrè ní pápá yín kí ẹ tó rà á. Bí ìbọn ẹlẹ́nu méjì bá ṣí, gbogbo èèyàn ń rí i láti ọ̀ọ́kán pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ara àwọn míì kì í sì í balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí ọ̀tún bá jẹ́ ọwọ́ yín, tí ojú ọ̀tún náà jẹ́ ọ̀gá, tí ẹ ń bá ajá rìn nínú oko, tí ẹ sì rí oníbejì kan tí alágbẹ̀dẹ ìbọn tí kì í ṣe ẹni tó ń tà á ti bá yín wò, ẹ rà á, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú gbogbo ìyẹn, ẹ wo tòkètilẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ pé wọ́n yí yín lọ́wọ́ padà ní kékeré bíi tèmi, tọlọ́wọ́ òsì ni kí ẹ béèrè, kí ojú má sì tì yín.

Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ lọ sí pápá tí ọlọ́pàá fọwọ́ sí, níbi tí wọ́n ti lè yá yín ní ìbọn pẹ̀lú olùkọ́. Ẹ kò nílò ìwé àṣẹ láti yin àwo níbẹ̀. Ẹ yin irú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ bá wá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí oníṣòwò ṣí ìbọn, kó fi hàn yín pé òfìfo ni, kó sì fi ibi tí ẹ lè kọjú ẹnu rẹ̀ sí hàn yín. Ẹ mú ojú lé igun àjà kan. Ẹ di ojú méjèèjì, ẹ gbé ìbọn sí èjìká bó ṣe bá yín lára mu, ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ẹ wá lajú. Bí ẹ bá rí orí ọ̀pá tó lọ tààrà láti abẹ́ ẹyinjú yín dé igun yẹn, láìjẹ́ pé ẹ yí ọrùn, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá rí bákan náà, ẹ sanwó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí oníṣòwò sì ní èjìká yín máa mọ̀ ọ́n tó bá yá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dá ìbọn rẹ̀ padà fún un.