Léoville Barton 2010: ọtí tó mọyì sùúrù

Tí ìgò Léoville Barton ọdún 2010, wáìnì pupa láti Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má ṣí i kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún lójú ẹsẹ̀. Mo ṣí tèmi lọ́sàn-án, mo tọ́ ọ wò díẹ̀. Ó le! Ó fa mi létè, ó fa mi lẹ́rẹ̀kẹ́, òórùn rẹ̀ kò sì fẹ́ jáde. Mo bá rọra dà á sínú jọ́ọ̀gì gíláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò, mo fi í sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Nígbà tí a ó fi jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́, ara rẹ̀ ti rọ̀. Òórùn èso cassis dúdú ló kọ́kọ́ jáde, ti igi kédárì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ewé tábà gbígbẹ, àti pẹ́ńsùlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, èyí tí a sábà máa ń gbọ́ nínú wáìnì tó dára láti Médoc, agbègbè kan ní Bordeaux. Mo ti gbé e mì, adùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi.

Ojú ọjọ́ ọdún náà ló mú un le bẹ́ẹ̀. Ní 2010, òjò kò pọ̀ ní Bordeaux nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òru sì ń tutù. Èso àjàrà kéré, èèpo rẹ̀ nípọn, inú èèpo yẹn sì ni ohun tó ń fa ẹnu ti ń wá. Òru tútù ni kò jẹ́ kí ìkan rẹ̀ lọ. Wáìnì tó bá ní méjèèjì máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Nínú oríṣi èso àjàrà tí wọ́n fi ṣe é, Cabernet Sauvignon ló pọ̀ jù. Merlot tẹ̀ lé e, Cabernet Franc ò tó nǹkan.

Ìtàn ìdílé tó ni ọgbà àjàrà yìí wù mí gan-an. Thomas Barton, ọmọ Ireland, bẹ̀rẹ̀ òwò wáìnì ní Bordeaux ní 1725. Ó lówó, síbẹ̀ Ireland ló ti lọ ra ilẹ̀, nítorí òfin Faransé ìgbà náà ni pé bí àjèjì bá kú, dúkìá rẹ̀ di ti ọba. Hugh, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló wá ra ọgbà àjàrà Langoa ní 1821, tó sì ra apá kan nínú ilẹ̀ Léoville ní 1826, ní Saint-Julien, abúlé kan ní Médoc. Ọwọ́ ìdílé yìí kan náà ló ṣì wà títí di òní. Nígbà tí wọ́n to wáìnì Médoc sí ipò márùn-ún ní 1855, Léoville Barton bọ́ sí ipò kejì, Langoa sí ipò kẹta. Ilé tí ẹ ń rí lára ìwé ìgò náà, ti Langoa ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọtí méjèèjì.

Anthony Barton, tó gba ọgbà náà ní 1983, tó sì kú ní 2022, ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń gbé owó wáìnì sókè, kò bá wọn sáré. Lilian, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló wà nídìí iṣẹ́ náà báyìí. Ẹ wo Latour, wáìnì Médoc olókìkí mìíràn: owó ìgò 2010 rẹ̀ kan ṣoṣo á ra ju ìgò Barton márùn-ún lọ. Latour dára jù ú, n kò jiyàn. Ṣé ó wá fi ìlọ́po márùn-ún dára jù ú ni? Rárá o.

Ẹ gbé ìgò náà dúró lóòró láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè silẹ̀, kí ẹ sì rọra dà á. Ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn Pauillac, ìlú tó wà nítòsí Saint-Julien, tí wọ́n yan ló bá a mu jù lọ. Ọ̀rá ẹran yẹn máa ń rọ líle ọtí náà. Tí owó rẹ̀ bá sì ga jù fún yín, ẹ wá Langoa Barton ọdún kan náà. Ó fúyẹ́ ju Léoville lọ díẹ̀, ó tètè ṣeé mu, owó rẹ̀ sì dín.