Ìkìlọ̀: Ẹ Ṣọ́ra fún Sọ́kẹ́ẹ̀tì Àlòkù tí Wọ́n Ń Tà Gẹ́gẹ́ Bí Tuntun

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ ń múra láti pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ilé yín, mo bẹ̀ yín kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó sanwó. Àwọn oníṣòwò kan wà tí wọ́n ń kó sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ti tú kúrò lára ògiri jọ, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń dán ojú rẹ̀, tí wọ́n sì ń dì í sínú páálí tuntun kí wọ́n lè tà á gẹ́gẹ́ bí ọjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Ọwọ́ irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ni mo bọ́ sí.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló di dandan fún mi láti pààrọ̀, nítorí pé ẹnu wọn ti fẹ̀, wọn kò sì di púlọ́ọ̀gì mú mọ́. Àwọn tí mo rà funfun báláú, ọ̀rá wà lára wọn, páálí wọn kò sì ní àbùkù kankan. Nígbà tí mo fẹ́ ya ọ̀rá náà kí n lè wo ẹ̀yìn wọn, ẹni tó ń tà wọ́n dá mi lẹ́kun, ó ní tí mo bá ti ya á, òun kò ní gbà á padà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà jọ ti ẹni tó ń tọ́jú ọjà rẹ̀, mo sì gbà. Ó tún fi kún un pé, tí mo bá kó àwọn àtijọ́ wá fún òun, òun yóò dín díẹ̀ kù nínú owó náà. Mo rò pé oore ló fẹ́ ṣe fún mi, mo sì kó wọn fún un. Ó ń dùn mí títí di òní pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ló bá mi fi wọ́n sí ara ògiri. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú yàrá ní gbogbo ìgbà tí a bá ń lọ aṣọ. Òórùn náà jọ ti ẹja, a sì wá a kiri kí a tó mọ̀ pé ara ògiri ló ti ń wá. Irú ike líle kan tí wọ́n máa ń fi ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń rùn báyẹn nígbà tí ooru rẹ̀ bá pọ̀ jù, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ òórùn ẹja níbi tí kò sí ẹja, ògiri ni kí ó kọ́kọ́ wò. Mo fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì, ó gbóná débi pé n kò lè dì í mú. A pa búrékà ńlá, a fi tẹ́sítà rí i dájú pé iná kò sí níbẹ̀ mọ́, a sì tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ohun tí a rí lẹ́yìn rẹ̀ kò jọ ti ohun tuntun rárá: orí àwọn síkúrù rẹ̀ ti họ, ojú ibi tí wáyà ń wọ̀ ní àpá wáyà tó tóbi ju tiwa lọ, èéfín dúdú tí wọn kò fọ̀ tán sì wà ní kọ̀rọ̀ ike náà. Èkejì kò tilẹ̀ jẹ́ àlòkù. Ayédèrú ni láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé irin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ idẹ ni wọ́n fi ṣe ètè inú rẹ̀ tó ń di ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mú, òòfà sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, bẹ́ẹ̀ òòfà kì í lẹ̀ mọ́ idẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé búrékà yóò gba àwọn là nínú irú ewu yìí, èrò náà kò sì tọ́. Búrékà máa ń já nígbà tí iná tó ń gba inú wáyà bá ju ìwọ̀n lọ, tàbí nígbà tí wáyà bá fara kanra. Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ètè rẹ̀ ti dẹ̀, iná tó ń kọjá kò ju ìwọ̀n. Ibi tí idẹ ti yẹ kó di ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mú ṣinṣin ni kò ti dì í mú mọ́, ibẹ̀ sì ń dènà iná, ìdènà náà ló ń di ooru. Bí ìdènà náà bá jẹ́ ìdajì óòmù péré (óòmù ni wọ́n fi ń wọn ìdènà iná), tí ohun èlò tí a fi sí i sì ń fa ámúpù 10 (ámúpù ni wọ́n fi ń wọn iná tó ń kọjá), ooru wáàtì 50 ni yóò máa jáde nínú àyè tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, láàárín ike. Kẹ́tù oníná tó jẹ́ wáàtì 3000 máa ń fa ámúpù 13 lórí fóltì 230, tiẹ̀ yóò sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru yìí ń mú kí ètè náà túbọ̀ dẹ̀, dídẹ̀ rẹ̀ ń mú kí ooru pọ̀ sí i, búrékà kò sì ní mọ ohunkóhun títí ike yóò fi gbaná.

Nítorí náà, ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ wò ó, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Síkúrù tí a kò tíì lọ́ rí kì í ní họ́họ́ lórí, ihò wáyà tuntun kì í sì ní àpá. Tí ẹ bá mú òòfà dání, ètè tí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì ń wọ̀ ni kí ẹ gbé e sún mọ́, kí ẹ má ṣe fi síkúrù ṣèdájọ́, nítorí síkúrù àti ọ̀pá tó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú lè jẹ́ irin lára ojúlówó pàápàá. Ti oníhò mẹ́ta tó ń tẹ̀lé BS 1363, ìyẹn ìlànà púlọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1947, gbọ́dọ̀ ní ìbòjú tó ń dí ihò méjì ìsàlẹ̀ títí púlọ́ọ̀gì yóò fi wọlé. Bí ẹ bá rí idẹ ketekete nínú ihò wọ̀nyẹn nígbà tí púlọ́ọ̀gì kò sí níbẹ̀, ẹ má rà á, pàápàá tí ọmọdé bá wà nínú ilé. Ẹ ti púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́ kí ẹ sì fà á yọ: ó yẹ kí ó gba agbára díẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ bá ẹni tó tà wọ́n fún mi, oníṣẹ́ iná mi ló dá lẹ́bi, ó sì béèrè páálí tí mo ti sọnù. Ẹ pa páálí yín mọ́, ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ san, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà “tuntun” sí, kí ẹ sì ya àwòrán ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wáyà tó wọ̀ ọ́; ká ní mo ní àwòrán yẹn ni, kì bá tí rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Àwọn tó ti fi tiwọn sí ara ògiri, ẹ fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì ní kété tí ẹ bá lo áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tù tán. Tí ó bá gbóná jù, tí ojú ike ti pọ́n, tàbí tí ẹ ń gbọ́ ìró ta-ta-ta nínú rẹ̀, ẹ pa búrékà, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ iná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹ bá tú kúrò, ẹ má ṣe fún ẹni tó ní òun yóò dín owó kù fún yín. Ẹ fi òòlù fọ́ ojú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó dà á nù, kí ó má baà di tuntun lára ògiri ẹlòmíràn.