Ìkìlọ̀: omi "abó-èépá" tí wọ́n ń tà fún orí gáàsì, ẹ má rà á

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná lórí gáàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó. Ọkùnrin kan ń gbé tábìlì kiri ẹ̀gbẹ́ ọjà n'Ìbàdàn, ó ń fi gbohùngbohùn polówó omi kan tó ní ó ń bó èépá ojú kúkà láàárín ìṣẹ́jú kan. 3,500 náírà ni ìgò kan. Mo ra méjì. Ojúkòkòrò ni, mo gbà.

Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò àlòkù ló rọ ọ́ sí. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi bírò kọ nìkan ló wà lára rẹ̀.

Irin pẹlẹbẹ kan ló fi mú mi. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ta omi yẹn sí i, ó fi àkísà nù ún lẹ́ẹ̀kan, irin ń dán gbinrin. Gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Ilé ni mo dé kó tó yé mi pé dúdú èéfín lásán ló nù. Omi ọṣẹ á ṣí ìyẹn kúrò. Ọbẹ̀ tó hó dànù, tó jóná mọ́ irin láti oṣù mẹ́ta, ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo kó orí iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú abọ́, mo da omi náà lé wọn. Ó ń hó ṣìṣì. Mo ní iṣẹ́ ló ń ṣe. Nígbà tí mo fi máa kó wọn jáde, wọ́n ti dúdú, ara wọn rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Èépá tí mo torí rẹ̀ náwó ṣì wà lójú kúkà. Ìka mi méjì bó.

Ìyá kan tó ń ṣe ọṣẹ ládùúgbò wa bi mí pé, "Ṣé ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní ká gbé e síta, ó já fóìlì bíńtín sínú díẹ̀ lára rẹ̀. Ó hó, ife gbóná, nígbà tó yá a ò rí fóìlì mọ́. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ni! Ó ń jẹ alumíníọ̀mù, òun ni wọ́n sì fi ṣe orí iná kúkà mi. Ẹ má dán an wò nínú ilé o, iná lè ran afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní mo lò ó jù. Látìgbà náà nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àbúrò mi rí i níbòmíràn, orúkọ tuntun, 4,000 náírà. Àbúrò mi ní kó jẹ́ kóun lọ mú orí iná tòun wá kó fi dán an wò. Ọkùnrin yìí gbójú sókè, ó ní òjò fẹ́ rọ̀.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé, torí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n máa rí. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì, ilé ìwòsàn ni kíá. Bó bá kan ara yín, omi tó ń ṣàn ni, ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú.

Ní tèmi, omi gbígbóná, ọṣẹ àti sódà tí wọ́n fi ń yan kéèkì ni mo padà sí. Mo máa ń fi tówẹ́ẹ̀lì tútù bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n tó fi ṣíbí onígi ha á. Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bó. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń la ihò orí iná, títí iná á fi padà di búlúù.

Ìgò kejì ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú àpótí tí mo tì. Mo kọ MÁJÈLÉ sí i lára.