Àmì Kan Lára Èèyàn Mẹ́fà: Bí Èmi àti Màmá Ṣe Wo Cloud Atlas ní Kubwa

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Màmá mi ti wà lọ́dọ̀ wa ní Kubwa, ní Abuja. Ọmọ ni wọ́n wá bá wa wẹ̀. Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi sì bí ọkùnrin, nítorí náà kò sẹ́ni tó wá orúkọ kiri. Nígbà tí mo gbọ́ pé fíìmù kan wà lórí ẹ̀mí kan ṣoṣo tó ń kú tó tún ń padà wá, mo ní Màmá ni kó bá mi wò ó.

Ọdún 2012 ni Cloud Atlas jáde, ìṣẹ́jú 172 ló sì ń gbà. Ẹ yáa jẹun kẹ́ ẹ tó jókòó. Ìtàn mẹ́fà ni: agbẹjọ́rò kan nínú ọkọ̀ ojú omi ní 1849, ọmọkùnrin tó ń kọ orin ní 1936, obìnrin oníròyìn ní San Francisco ní 1973, bàbá atẹ̀wé kan tí arákùnrin rẹ̀ fẹ̀tàn tì mọ́ ilé arúgbó ní 2012, ọmọbìnrin kan ní Seoul ní 2144, àti darandaran kan lẹ́yìn tí ayé ti bàjẹ́ tán. Wọn ò sọ ọ́ tán lọ́kọ̀ọ̀kan o. Ìtàn kan ń já lu èkejì ni. Fún bí ogún ìṣẹ́jú, orí mi ń fò lọ.

Ara àmì ìbí kan la ti ń dá ẹ̀mí yẹn mọ̀, ó dà bí ìràwọ̀ tó nírù. Màmá rí i lára oníròyìn, wọ́n ní, “Òun àti ti inú ọkọ̀ ojú omi, ṣé ẹbí ni wọ́n?” Mo ní rárá.

“Kí ló wá wá ṣe nílé onílé?”

Mi ò rí èsì. Wọ́n bá ká etí òsì ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn sókè, wọ́n nàka sí àmì dúdú kan tó tó ẹyọ ẹ̀wà. “Ọkọ mi, ṣé o gbọ́ wọn?” Ọmọ ń sùn ní tiẹ̀.

Èmi náà ní ẹjọ́ tèmi. Òṣèré kan náà ni wọ́n ń lò láti ìtàn dé ìtàn. Tom Hanks nìkan ṣe èèyàn mẹ́fà: dókítà tó ń fún aláìsàn ní májèlé nítorí wúrà, òǹkọ̀wé kan tó gbé ẹni tó bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé rẹ̀ jù sílẹ̀ láti orí ilé (ẹ̀rù ba èmi tí mò ń kọ èyí díẹ̀), títí dórí darandaran yẹn. Àmì ń sọ tiẹ̀, ojú ń sọ tiẹ̀. Èwo la fẹ́ gbà gbọ́? Àwọn òyìnbó tí wọ́n kùn kí wọ́n lè jọ ará Kòríà ńkọ́? Ojú wọn rí bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn Seoul nìkan tó owó dátà mi. Sonmi-451 ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà. Kò ní ìyá, ṣe ni wọ́n ṣẹ̀dá ẹ̀ láti máa gbé oúnjẹ fún oníbàárà. Wọ́n ṣèlérí fún àwọn bíi tiẹ̀ pé bí wọ́n bá sìn tán, wọ́n á dòmìnira. Nígbà tó rí ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ gan-an, Màmá gbé súyà ọwọ́ wọn sílẹ̀. “Nọ́ńbà ni wọ́n sọ ọ́? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ?” Ibẹ̀ gan-an niná lọ.

Alẹ́ ọjọ́ kejì la parí ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ìkẹyìn ayé yẹn ṣòro, àmọ́ ẹni tó bá ń sọ pijin ní ọjà Wuse á gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Mo fún un ní méje nínú mẹ́wàá. Màmá ò fún un ní nǹkan kan, nítorí wọn ò dúró dé òpin.

“Bàbá ń ké,” ni wọ́n wí, wọ́n sì dìde.