Aṣálẹ̀ Tàbí Orí Òkè: Níbo Ló Dára Ká Ti Wo Ejò, Alángbá àti Ọ̀pọ̀lọ́?

Ìnáwó ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Aṣálẹ̀ gba ọkọ̀ àti omi púpọ̀. Òkè gba bàtà gidi, aṣọ òtútù àti ẹsẹ̀ tó le.

Àkókò ló yàtọ̀. Nígbà ooru, òru ni ọ̀pọ̀ ejò aṣálẹ̀ ń jáde, tọ́ọ̀ṣì lẹ ó fi wá wọn. Lórí òkè, àárọ̀ ni, nígbà tí alángbá bá ń yáàrùn lórí àpáta. Téèyàn bá gun 1,000 mítà, ooru á ti fi bíi 6°C dín kù, òru ibẹ̀ sì máa ń tutù jù fún wọn.

Ẹ lè rò pé aṣálẹ̀ ò ní ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní o! Ní aṣálẹ̀ Sonora, ní Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, àwọn kan ń fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tí òjò oṣù keje tàbí ìkẹjọ bá rọ̀, wọ́n á tú jáde lóru, wọ́n á yé ẹyin sínú adágún kékeré tí kò ní pẹ́ gbẹ. Ẹni tó bá sùn lóru ọjọ́ yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ewu ńkọ́? Àwọn paramọ́lẹ̀ aṣálẹ̀ kan ń ri ara wọn sínú iyanrìn, ojú nìkan ló ń yọ. Lórí òkè, kùrukùru àti ẹsẹ̀ yíyọ̀ lèmi ń bẹ̀rù. Ẹ fọ bàtà láàárín odò kan sí òmíràn, kí ẹ má baà gbé àrùn chytrid tó ń pa ọ̀pọ̀lọ́ kiri.

Tó bá jẹ́ ejò lẹ fẹ́, tí àìsùn ò ni yín lára, aṣálẹ̀ ni. Tí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, ẹ gba ẹsẹ̀ òkè lọ láàárọ̀.